Ìbéèrè Kan Lẹ́nu Adájọ́ Khanna

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni. Kò gùn, kò sì sí ọ̀rọ̀ ńlá kankan nínú rẹ̀. Adájọ́ Hans Raj Khanna bi agbẹjọ́rò àgbà ìjọba India pé: bí ọlọ́pàá kan bá ń bá ẹnìkan ṣọ̀tá, tó wá tìtorí ọ̀tá yẹn pa á, ṣé ibì kan wà tí ẹbí olóògbé lè gbé ẹjọ́ náà lọ?

Niren De ni orúkọ agbẹjọ́rò àgbà náà. Ó ní bí a bá tẹ̀ lé àlàyé tí òun ń ṣe bọ̀, kò sí. Níwọ̀n ìgbà tí òfin pàjáwìrì bá ṣì wà lórí ìlú, kò síbi tí wọ́n lè gbé e lọ. Ó fi kún un pé ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ náà ba adájọ́ lẹ́rù, pé ó ba òun náà lẹ́rù, ṣùgbọ́n bí òfin ṣe rí nìyẹn.

Adájọ́ márùn-ún ló ń gbọ́ ẹjọ́ ọ̀hún ní ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Delhi. Mẹ́rin gbọ́ ìdáhùn yẹn, wọ́n sì padà lọ kọ ìdájọ́ tó gbe ìjọba. Ẹnìkan kọ̀. Yorùbá ní ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé, òótọ́ sì ni: lọ́jọ́ tí wọ́n ka ìdájọ́, ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 1976, ohùn Khanna kò tú ẹnikẹ́ni sílẹ̀ látìmọ́lé. Àwọn ènìyàn máa ń yìn ín fún ìgboyà, mi ò bá wọn jiyàn. Àmọ́ ẹni tó láyà tí kò mọṣẹ́, ariwo ni yóò pa. Khanna kò pariwo. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ yẹ̀ wò, bí ènìyàn ṣe ń da ẹ̀yìn aṣọ òfì wò láti mọ ibi tí aláṣọ so okùn sí.

Ohun tó gbé ẹjọ́ dé Delhi kò ṣòroó sọ. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1975, Adájọ́ Jagmohanlal Sinha ní ilé-ẹjọ́ gíga Allahabad fagi lé ìbò tó gbé Indira Gandhi, olórí ìjọba, wọ ilé aṣòfin. Ó ní obìnrin náà rú òfin ìdìbò. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, lóru ọjọ́ 25, Ààrẹ Fakhruddin Ali Ahmed buwọ́ lu ìwé tó kéde pàjáwìrì lórí gbogbo ìlú. Kí ilẹ̀ tó mọ́, iná ti kú ní òpópónà tí àwọn ilé ìwé ìròyìn wà ní Delhi, wọ́n sì ti ń kó àwọn olóṣèlú alátakò nínú ilé wọn. Jayaprakash Narayan àti Morarji Desai wà lára àwọn tí wọ́n kó. Ní ọjọ́ 27, Ààrẹ tún pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má gba ilé-ẹjọ́ lọ láti jà fún ẹ̀tọ́ tó wà ní abala 14, 21 àti 22 nínú ìwé òfin ilẹ̀. Abala 21 ló ní a kò gbọdọ̀ gba ẹ̀mí tàbí òmìnira ẹnikẹ́ni bí kò ṣe ní ọ̀nà tí òfin là sílẹ̀. Kí pàjáwìrì náà tó kásẹ̀ nílẹ̀, àwọn tí wọ́n tì mọ́lé láìgbọ́ ẹjọ́ wọn lé ní 100,000.

Àwọn tó wà látìmọ́lé pe ẹjọ́. Ilé-ẹjọ́ gíga mẹ́sàn-án káàkiri India ní àwọn lè gbọ́ ọ: bó tilẹ̀ jẹ́ pé pàjáwìrì wà, adájọ́ ṣì lè wò ó bóyá ìwé tí wọ́n fi mú ènìyàn bá òfin mu. Inú ìjọba kò dùn sí i, wọ́n sì gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ. Orúkọ ẹjọ́ tí wọ́n fi ń pè é títí dòní wá láti ìlú Jabalpur, ní ìpínlẹ̀ Madhya Pradesh: aláṣẹ àgbègbè kan níbẹ̀ ló pẹjọ́ ta ko Shivkant Shukla, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n tì mọ́lé.

Àlàyé ìjọba dọ́gba bí àpótí tí káfíńtà kàn. Ó ní inú abala 21 ni òmìnira gbogbo ará India wà. A sì ti ti ilẹ̀kùn abala 21. Nítorí náà, ẹni tó wà látìmọ́lé kò ní ojúlé tí yóò gbà wọlé wá sọ pé wọ́n fìyà jẹ òun, ì báà jẹ́ pé àṣìmú ni wọ́n mú un, ì báà jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ ló bá ti ẹlòmíràn dọ́gba. Àwọn agbẹjọ́rò òdìkejì, tí Shanti Bhushan àti Soli Sorabjee wà lára wọn, fi ọjọ́ púpọ̀ bá àlàyé yìí fà á. Wọ́n sọ ohun tí òfin jẹ́, wọ́n sọ ohun tí òmìnira jẹ́. Gbogbo rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n Khanna ló tẹ́ òkú ènìyàn kan sílẹ̀ láàárín ilé-ẹjọ́, tó ní kí agbẹjọ́rò àgbà wò ó.

Níbo ni adájọ́ ti ń kọ́ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀? Lójú tèmi, kì í ṣe ní Delhi.

Amritsar ni wọ́n bí i sí, ní ilẹ̀ Punjab, ní ọjọ́ 3 oṣù keje ọdún 1912. Agbẹjọ́rò ni bàbá rẹ̀, Sarab Dayal Khanna, tó sì tún lọ́wọ́ nínú ìjà òmìnira. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún méje nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu èrò ní Jallianwala Bagh, nínú ìlú yẹn gan-an, ní oṣù kẹrin ọdún 1919. Ìbínú tó kó èrò jáde nígbà náà, òfin kan ló fà á: òfin Rowlatt, tó fún ìjọba láyè láti máa ti ènìyàn mọ́lé láìgbọ́ ẹjọ́. Mi ò ní sọ pé ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọdé púpọ̀ ló wà ní Amritsar lọ́dún yẹn tí kò di Khanna.

Ó kọ́ òfin ní Lahore, ó padà sí Amritsar láti ṣiṣẹ́ agbẹjọ́rò. Ní 1952 ni wọ́n sọ ọ́ di adájọ́ àgbègbè, irú adájọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìpànìyàn. Ọdún mẹ́wàá ló lò lẹ́nu irú iṣẹ́ yẹn kó tó dé ilé-ẹjọ́ gíga Punjab ní 1962. Wọ́n gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́ gíga Delhi ní 1966, ó di olórí àwọn adájọ́ ibẹ̀ ní 1969, ó sì wọ ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1971. Àwọn tó ń kọ ìtàn rẹ̀ máa ń sáré kọjá ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́ yẹn. Èmi rò pé ibẹ̀ ni gbòǹgbò iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ẹni tó bá ti jókòó rí níbi tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ ìpànìyàn, ì báà jẹ́ ní Amritsar, ì báà jẹ́ ní Ìbàdàn, yóò mọ̀ pé ibẹ̀ kì í gba ọ̀rọ̀ ńláńlá. Ta ló pa á? Kí ló fi pa á? Ibo lo dúró sí tí o fi rí i? Ṣé fìtílà ń tàn ni àbí òṣùpá ló wà lókè? Adájọ́ a máa fọwọ́ ara rẹ̀ kọ èsì sílẹ̀, agbẹjọ́rò a sì dákẹ́ títí gègé yóò fi dúró. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá nídìí irú iṣẹ́ yìí, bí ẹnikẹ́ni bá wá ń sọ̀rọ̀ nípa agbára ìjọba nígbà pàjáwìrì, ohun tí yóò kọ́kọ́ wá sí adájọ́ lọ́kàn ni pé: wọ́n pa ènìyàn kan. Ta ni kó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀?

Àmọ́ ká tó débẹ̀, iṣẹ́ kan wà tó ti ṣe ṣáájú tó jẹ́ kí a mọ bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe rí.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1972, adájọ́ mẹ́tàlá jókòó pọ̀, iye tí ilé-ẹjọ́ náà kò tíì kó jọ rí fún ẹjọ́ kan. Kesavananda Bharati, olórí ilé ìsìn Edneer ní Kerala, ló pẹjọ́ nítorí òfin ilẹ̀ ìpínlẹ̀ náà, Nani Palkhivala sì ni agbẹjọ́rò tó léwájú fún un. Ẹjọ́ ọ̀hún dàgbà kọjá ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ilé ìsìn. Ó di pé: ilé aṣòfin tó lè tún ìwé òfin ilẹ̀ ṣe, ṣé ó lè tún un ṣe débi tó bá wù ú? Ọjọ́ 68 ni wọ́n fi gbọ́ ọ. Nígbà tí ìdájọ́ jáde ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún 1973, adájọ́ mẹ́fà ní agbára náà ní ààlà, mẹ́fà ní kò ní. Khanna ló kù.

Ohun tó sọ rọrùn débi pé mo máa ń rò ó pé Yorùbá ni ì bá fi kọ ọ́. Ó ní agbára láti ṣe àtúnṣe ni wọ́n fún ilé aṣòfin, ohun tí a bá sì tún ṣe gbọ́dọ̀ ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí a bá tún un ṣe tán. Pààrọ̀ páànù ilé bàbá rẹ, fọ́ fèrèsé sára ògiri rẹ̀, kódà sọ yàrá iwájú di ṣọ́ọ̀bù, ilé bàbá rẹ náà ni. Ṣùgbọ́n bí o bá hú u láti ìpìlẹ̀ tí o kọ́ nǹkan mìíràn síbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò sọ pé o tún ilé ṣe. (Páànù àti fèrèsé yìí, èmi ni mo fi kún un. Ọ̀rọ̀ Khanna gbẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìpìlẹ̀ àti òpó nìkan ló mẹ́nu bà.)

Lẹ́yìn náà ló ṣe ohun tó bí àwọn olówó ilẹ̀ nínú: ó ní ẹ̀tọ́ sí ohun ìní kò sí lára ìpìlẹ̀ náà. Ilé aṣòfin lè fọwọ́ kàn án. Bẹ́ẹ̀ ni ìjọba ṣe rí àyè pín ilẹ̀ fún tálákà, tí wọn kò sì rí àyè wó ilé. Àwọn kan máa ń sọ pé ó kàn gé e sí méjì ni, kó lè tẹ́ tọ̀tún tòsì lọ́rùn. Mi ò gbà. Alápatà tó mọṣẹ́ kì í gé eegun. Oríkèé ló ń wá, ọ̀bẹ a sì kọjá láìpariwo. Oríkèé wà láàárín ọ̀rọ̀ méjì wọ̀nyẹn, ṣíṣe àtúnṣe àti wíwó, adájọ́ méjìlá yòókù sì ti rìn kọjá lára rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1975, nígbà tí pàjáwìrì ti bẹ̀rẹ̀, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ dá ẹjọ́ ìbò Indira Gandhi fúnra rẹ̀. Àwọn tó ń gbèjà ìjọba níbẹ̀ ń lo ọ̀rọ̀ Khanna ti 1973 láti fi sọ pé kò sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn kankan lára ìpìlẹ̀. Adájọ́ púpọ̀ ni yóò dákẹ́ bí wọ́n bá ṣi ọ̀rọ̀ wọn lò báyìí, pàápàá ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Khanna padà sí ohun tó kọ, ó tọ́ka sí ibi tó ti dúró: ẹ̀tọ́ sí ohun ìní ni òun yọ, òun kò yọ ìyókù. Ó sì wà lára àwọn tó fagi lé gbólóhùn tí ilé aṣòfin fi há ìbò olórí ìjọba mọ́ kúrò lọ́wọ́ ilé-ẹjọ́. Ẹni tó bá ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ báyìí, ó yẹ kí ènìyàn fara balẹ̀ kà á.

Wàyí o, ìdájọ́ ti 1976.

Kì í ṣe ìwé tó dùn ún kà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹjọ́ àtijọ́ pọ̀ nínú rẹ̀, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, àwọn ojú ewé kan sì wà tí mo ń fi tipátipá kà. Ṣùgbọ́n wo bó ṣe to ilé rẹ̀. Ó kọ́kọ́ fi ohun tó jẹ́ ti ìjọba fún ìjọba. Kò sọ pé pàjáwìrì náà kò bófin mu. Kò sọ pé àṣẹ Ààrẹ kò já mọ́ nǹkan; ó gbà pé wọ́n ti ti ilẹ̀kùn abala 21 lóòótọ́. Àwọn tó fẹ́ràn òmìnira lè máa fapá jánú níbí yìí pé kí ló dé tó ń fún wọn tó bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé ohun tó fún wọn kò ní wúlò fún wọn mọ́ ní ojú ewé tó ń bọ̀.

Ohun tó ń bọ̀ náà nìyí. Ta ló sọ pé inú abala 21 ni ẹ̀mí ènìyàn wà? Ọdún 1950 ni ìwé òfin ilẹ̀ India bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ṣé kí ó tó di 1950, ẹni tó bá paníyàn ní India ń lọ lọ́fẹ̀ẹ́ ni? Òfin ìwà ọ̀daràn tó ka ìpànìyàn sí ẹ̀ṣẹ̀ ti wà láti 1860. Ìwé òfin ilẹ̀ bá ẹ̀tọ́ sí ẹ̀mí àti òmìnira nílé ni, ó dáàbò bò ó; òun kọ́ ló bí i. Nítorí náà, bí a bá tilẹ̀ ti ilẹ̀kùn abala náà pa, ìjọba kò tíì rí àṣẹ gbà láti gba ẹ̀mí tàbí òmìnira ẹnikẹ́ni láìsí òfin lẹ́yìn rẹ̀. Ó wá yí padà sí òfin àtìmọ́lé fúnra rẹ̀, èyí tí ilé aṣòfin ṣe ní 1971. Òfin yẹn ní ìlànà: irú òṣìṣẹ́ báyìí ló lè buwọ́ lùwé, nítorí ìdí báyìí báyìí. Àṣẹ Ààrẹ ti ti ilẹ̀kùn ẹ̀tọ́ inú ìwé òfin ilẹ̀, kò pa òfin àtìmọ́lé rẹ́. Òṣìṣẹ́ tó bá kọjá ohun tí òfin yẹn fún un, abẹ́ òfin wo ló dúró sí? Nígbà pàjáwìrì tí ogun India àti China ti 1962 fà ni ilé-ẹjọ́ kan náà ti sọ irú ọ̀rọ̀ yìí nínú ẹjọ́ Makhan Singh. Àwọn mẹ́rin yòókù ní àṣẹ ti ìgbà náà ní gbólóhùn kan tó dín agbára rẹ̀ kù, pé ti 1975 kò ní. Khanna ní gbólóhùn yẹn kọ́ ni oríkèé. Lẹ́ẹ̀kan sí i, ó mọ ibi tí ọ̀bẹ ń kọjá.

Ẹ wá gbọ́ bí àwọn yòókù ṣe kọ tiwọn. Adájọ́ Àgbà A. N. Ray ní ẹ̀bùn òfin ni òmìnira, òfin tó fúnni sì lè gbà á padà. Adájọ́ M. H. Beg ní ìjọba ń tọ́jú àwọn tó wà látìmọ́lé tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ìtọ́jú ìyá sí ọmọ: ilé dára, oúnjẹ dára. Adájọ́ Y. V. Chandrachud kọ gbólóhùn kan tó ń tàn yanran, tó fi ìrètí rẹ̀ wé òkúta dáyámọ́ńdì, pé ohun búburú tí àwọn agbẹjọ́rò ń bẹ̀rù kò ní ṣẹlẹ̀ láé. Gbólóhùn yẹn dùn létí. Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, n kò sì rí ohun tó gbé dúró. Nínú ọ̀rọ̀ Khanna, mi ò rí gbólóhùn kan tó ń dán báyìí, kò sì sí ọ̀kan tí a lè yọ kí ilé náà má mì. Ibi kan ṣoṣo ló ti gbé ohùn sókè díẹ̀: ó ní bó bá jẹ́ pé ohun tí a kọ sílẹ̀ tí a sì fọwọ́ sí nìkan là ń pè ní òfin, a jẹ́ pé ìpakúpa tí ìjọba Hitler ṣètò rẹ̀ náà lè jẹ́ òfin. Ó sọ ọ́ tán, ó padà sídìí iṣẹ́.

Níbí yìí gan-an ni Èkó ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Ní 1925, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yọ Ọba Èṣùgbàyí, Elékòó ti Èkó, ọmọ Dòsùnmú, lórí oyè, wọ́n sì lé Kábíyèsí lọ sí Ọ̀yọ́. Ìjà ọ̀hún ti pẹ́: ọ̀rọ̀ owó omi ẹ̀rọ wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀pá àṣẹ tí Herbert Macaulay gbé dání lọ sí London ní 1920 náà wà níbẹ̀. Wọ́n pẹjọ́ fún Kábíyèsí, wọ́n ní kí ìjọba wá fi òfin tí wọ́n fi mú un hàn. Ẹjọ́ náà gba ti Privy Council, ilé-ẹjọ́ tó kẹ́yìn fún àwọn ilẹ̀ abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ní London lẹ́ẹ̀mejì, ní 1928 àti ní 1931. Lẹ́ẹ̀kejì yẹn, adájọ́ kan níbẹ̀, Lord Atkin, ló sọ̀rọ̀. Ó ní òṣìṣẹ́ ìjọba kankan kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan òmìnira tàbí ohun ìní ẹni tó wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì, àfi bó bá lè dúró níwájú ilé-ẹjọ́ kó fi hàn pé òfin wà lẹ́yìn òun. Adájọ́ kò sì gbọdọ̀ sá fún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ìjọba ló kàn. Ọdún 1931 yẹn náà ni Kábíyèsí padà sí Èkó.

Ọdún márùndínláàádọ́ta lẹ́yìn náà, ẹjọ́ Elékòó wà lórí tábìlì ní Delhi. Àwọn adájọ́ India ti ń lò ó ṣáájú ìgbà náà, Khanna sì fi í kún àwọn òkúta tó fi mọ ògiri rẹ̀. Àwọn tó dúró ti ìjọba ní òtítọ́ ni, ìlànà tó dára ni, ṣùgbọ́n ó ti wọ inú abala 21, ó sì ti há mọ́bẹ̀. Ẹ wo nǹkan! Ìlànà tó ti wà kí wọ́n tó kọ́ ilé, wọ́n ní ó há mọ́ inú yàrá kan nínú ilé náà. Atkin yìí kan náà, ní 1941, nígbà ogun Hitler, ló dá dúró láàárín adájọ́ márùn-ún ní London nínú ẹjọ́ Liversidge, tó kọ̀ láti gbà pé ọ̀rọ̀ ẹnu mínísítà tó láti ti ènìyàn mọ́lé. Ẹnìkan sí mẹ́rin. Khanna mọ ẹjọ́ yẹn dáadáa. Nígbà tó ń parí tirẹ̀, ó ní kí adájọ́ fohùn ṣọ̀kan dára bí kò bá ná ẹnikẹ́ni ní ohun tó gbà lọ́kàn. Bí ó bá ná an, kò ní láárí. Ó yá ọ̀rọ̀ Charles Evans Hughes, adájọ́ àgbà Amẹ́ríkà nígbà kan, pé ẹni tó bá yapa ní ilé-ẹjọ́ tó kẹ́yìn, ọjọ́ iwájú ló ń bá sọ̀rọ̀.

Ó mọ iye tí ọjà náà jẹ́ kó tó rà á. Ní 1973, ọjọ́ kejì ìdájọ́ Kesavananda, Indira Gandhi ti fo adájọ́ mẹ́ta tó ju Ray lọ, Shelat, Hegde àti Grover, ó sì fi Ray ṣe adájọ́ àgbà. Gbogbo ènìyàn rí i. Nígbà tí Khanna kọ ìdájọ́ tirẹ̀ tán ní 1976, ó wà ní Haridwar létí odò Ganga pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ obìnrin, ó sì sọ fún un pé ìwé tí òun kọ yìí yóò gba ipò adájọ́ àgbà lọ́wọ́ òun. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn ìdájọ́, ìwé ìròyìn New York Times kọ àròkọ láti fi yìn ín. Ní oṣù kìíní ọdún 1977, nígbà tí Ray fẹ̀yìn tì, Khanna ló kàn. Beg ni wọ́n fi síbẹ̀. Khanna kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀.

Mi ò ní fi àkókò ṣòfò lórí ohun tó ṣe lẹ́yìn náà. Ó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ àtúnṣe òfin. Ó di mínísítà ètò ìdájọ́ fún ọjọ́ díẹ̀ ní 1979, ó sì kúrò. Ní 1982 àwọn alátakò fi í díje dupò ààrẹ, Zail Singh sì borí rẹ̀. Ká ní ó bi mí, mi ò ní gbà á níyànjú pé kó bọ́ sójú agbo olóṣèlú. Iṣẹ́ adájọ́ ni ọwọ́ rẹ̀ mọ̀.

Ohun tó kọ ló ń rìn lọ láìsí òun. Indira Gandhi pàdánù ìbò ní oṣù kẹta ọdún 1977. Ní 1978, ilé aṣòfin tún ìwé òfin ilẹ̀ ṣe nígbà kẹrìnlélógójì, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí pàjáwìrì tilẹ̀ dé, kò sẹ́ni tó lè ti ilẹ̀kùn abala 21 mọ́. Wọ́n fi àwòrán Khanna kọ́ sí yàrá ìgbẹ́jọ́ kejì ní ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ, nígbà tó ṣì wà láàyè, ohun tí wọn kì í sábà ṣe. P. N. Bhagwati, ọ̀kan lára àwọn mẹ́rin, jẹ́wọ́ ní 2011, nígbà tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti ń sún mọ́ àádọ́rùn-ún, pé àwọn ṣìnà. Sanjiv Khanna, ọmọ àbúrò Khanna, di adájọ́ àgbà India ní oṣù kọkànlá ọdún 2024.

Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 2017, adájọ́ mẹ́sàn-án jókòó lórí ẹjọ́ mìíràn, ẹjọ́ Puttaswamy, tó dá lórí ẹ̀tọ́ ènìyàn láti ní àṣírí ara rẹ̀. Wọ́n yà síbi ọ̀rọ̀ 1976 náà, wọ́n fagi lé ohun tí àwọn mẹ́rin kọ, wọ́n ní ti Khanna ló tọ́: òfin kọ́ ló fún ènìyàn ní ẹ̀mí. Ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ apá yẹn ni D. Y. Chandrachud, ọmọ bíbí Y. V. Chandrachud, ẹni tó kọ gbólóhùn dáyámọ́ńdì yẹn. Kò forúkọ bàbá rẹ̀ pamọ́; ó kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú ti àwọn mẹ́ta yòókù, ó sì ní àṣìṣe ńlá ni wọ́n ṣe. Khanna kò sí níbẹ̀ láti kà á. Ó ti kú ní ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 2008, lẹ́ni ọdún 95.